Sọ́ńdè Tí Wọn Ò Kà

Iná tí wọ́n gbé sí títì márosẹ̀ tó kọjá lẹ́bàá Sabon Gari kì í ṣe iná lásán. Kámẹ́rà wà lórí ẹ̀. Bí kámẹ́rà náà bá rí ẹni tó fẹ́ sọdá, á dá ọkọ̀ dúró, kò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gbéra títí ẹsẹ̀ onítọ̀hún á fi kan òdìkejì. Iṣẹ́ Olújìmí ni láti dán an wò, kó sì sọ fún ìjọba bóyá ó dáa tó kí wọ́n gbé irú ẹ̀ sí ibi mọ́kànlá mìíràn ní Kano.

Ẹnjiníà wa mọ iṣẹ́ ẹ̀. Enugu Road ní Sabon Gari níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò sì sí kòtò tí kò mọ̀ lójú títì yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òun àti Ramlat, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi jókòó nínú ọyẹ́ àti eruku oṣù Dìsẹ́ńbà, láti Mọ́ńdè dé Sátidé, tí wọ́n ń ka orí èèyàn, tí wọ́n sì ń fi iye tiwọn wé iye tí kámẹ́rà kà. Arúgbó o, aláboyún o, arọ o, kámẹ́rà kò fo ẹnì kankan. Inú Olújìmí dùn bíi pé òun ló bí i.

"Oga, ba mu zo ranar Lahadi ba fa," ni Ramlat wí lọ́jọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Wọn ò tíì wá ní Sọ́ńdè.

"Sọ́ńdè kẹ̀? Ramlat, you sabi me now. Ọjọ́ Olúwa ni. I no dey touch work that day."

Kò purọ́. Inú ìjọ Àládùúrà ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ gan-an sì ni Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Gwagwarwa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé iná náà yege, ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Màámi, ní tiẹ̀, bẹ̀rù títì yẹn. Ní kùtùkùtù Sọ́ńdè, kí ọmọ rẹ̀ tó gbé ọkọ̀ jáde, á ti wọ sùtánà, á sáré sọdá láìwọ bàtà, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Olújìmí máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màámi, ẹ yé sáré mọ́. Ẹ máa rọra rìn. Iná yẹn ń rí yín, á dúró dè yín."

"Ṣé lóòótọ́, Jìmí?"

"Èmi fúnra mi ni mo dán an wò, mà."

Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ta ni ìyá á gbà gbọ́, bí kò bá gba ọmọ tó fi owó ẹ̀pà rán ní yunifásítì gbọ́?

Ní Sọ́ńdè kẹta tí iná náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tírélà pa Màámi láàárín títì. Dẹ́rẹ́bà, Mùnírù lorúkọ ẹ̀, ń pariwo pé iná ló ní kí òun máa lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Wọ́n tì í mọ́lé.

Ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ikú náà, Ramlat gbé kọ̀ǹpútà wá sí ilé wọn. Ó ti rí fídíò kámẹ́rà náà. Ẹni tí kámẹ́rà bá rí, ó máa ń fa ìlà pupa yí i ká. Ó fa ìlà yí mai ruwa kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi sọdá ká. Ó fa ìlà yí ewúrẹ́ ká. Lẹ́yìn mai ruwa ni Màámi ń bọ̀, sùtánà funfun nínú eruku funfun, kò sì sí ìlà kankan lára rẹ̀. Bí mai ruwa ti dé òdìkejì, lójú kámẹ́rà, títì ti ṣófo.

"Màámi, ẹ sáré!" Olújìmí ń pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!"

Màámi kò sáré. Nígbà tó dé àárín, ó kọjú sí òpó iná, ó tẹ orúnkún díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún dẹ́rẹ́bà tó bá dúró dè é. Ramlat pa kọ̀ǹpútà dé kí tírélà tó dé.

"Ó ń dúpẹ́," ni Olújìmí wí. "Ramlat, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ iná." Ó sunkún bí ọmọdé.

Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìjọ á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, Mùnírù á ṣẹ̀wọ̀n, wọn á sì gbé mọ́kànlá yòókù síta. Ó gba biro, ó kọ ọ́ sí iwájú ẹ̀dà ìwé tó ti bu ọwọ́ lù pé òun kò dán an wò ní Sọ́ńdè, pé ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe ti Mùnírù. Ó ní kí Ramlat gbé ìwé àti fídíò lọ fún àwọn ọlọ́pàá. Ó wá wọlé lọ bá Evelyn, àbúrò rẹ̀, tó ń ká aṣọ Màámi.

"That driver go rot for there," ni Evelyn wí.

"Fi dẹ́rẹ́bà sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí Màámi má sáré. Kámẹ́rà yẹn kì í rí sùtánà."

 Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Evelyn.

"Brother Jìmí," ni ó wí, "Màámi don tell everybody for church. Ó dìde jẹ́rìí. Ó ní kí wọ́n yé sáré, pé ọmọ òun ló dán iná náà wò. And tomorrow na Sunday."

Olújìmí kò dúró gbé bàtà. Ní ilé àkọ́kọ́ tó kàn ní Gwagwarwa, ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn, ó sì dì í mọ́ra.

"Jìmí, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ìyá rẹ ò lè ṣe kó má dárúkọ rẹ."

"Ẹ máa sáré, mà," ni Olújìmí wí. "Lọ́la, ẹ dákun, ẹ sáré. Iná yẹn kì í rí wa."