Èso Tí Bàbá Yemurai Bú

Igbó ẹ̀yìn ìlú Ruwa ò gba owó ìwọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú Yemurai ọmọ mi lọ ṣa èso mazhanje níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ èèwọ̀ igbó náà: bí èso bá kan lẹ́nu ẹ, tí ò dùn, gbé e mì, má bú u, kó o má baà ṣìnà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ náà kúnlẹ̀ sídìí igi kan.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni, Màmá. Lọ́dún tó kọjá, Dádì tu èso ẹ̀ dànù, wọ́n ní èsokéso ni. Ìyẹn ni wọn ò ṣe mọ̀nà ilé mọ́."

Garikai bàbá ẹ̀ mọ̀nà ilé dáadáa. Johannesburg ló wà lọ́dọ̀ ìyàwó tuntun, ó sì ti ránṣẹ́ pé ká má retí òun mọ́.

Yemurai na èso kan sí mi. "Ẹ jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì yìn ín."

Ó kan gan-an. Mo gbé e mì pọ̀ mọ́ èpè tó ti dé ẹnu mi.

"Ó dùn," mo ní.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún ẹ̀, ó wá kọjú sí ọ̀nà, ó ń retí.