Ohùn Gabriele Lẹ́nu Àkàndé

"Ẹ má bínú, Signor Àkàndé," ni Sofia tó ń gba ohùn sílẹ̀ wí, ó sì pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. "A ti gbé ọ̀rọ̀ yín fún Gabriele."

Àkàndé wo Gabriele, ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tó ń mu kọfí. Ṣebí wọ́n pe òun wá sí sitúdíò yìí ní ìlú Torino, ní Ítálíì, kí òun lè tún ọ̀rọ̀ tí òun sọ nínú fíìmù wọn sọ, kó lè dún ketekete ni.

"Kí ló ṣe ohùn tèmi?"

"Ítálíì ẹnu yín ti já gaara jù. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Torino. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi dé ni bàbá tí ẹ ṣe nínú fíìmù wa. Gabriele sì mọ àwọn ará Áfíríkà sín jẹ dáadáa."

Ẹ gbọ́ ná! Gabriele tí kò dé Áfíríkà rí ni yóò kọ́ ọmọ Ìsẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ó ti pẹ́ tí Àkàndé ti ń gbé Barriera di Milano, àdúgbò kan ní Torino níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ẹrù gbígbé ní Collegno nítòsí, tó sì ń fi ọjọ́ ìsinmi ṣe eré. Nínú gbogbo fíìmù tó ti ṣe ṣáájú èyí, wọn kò jẹ́ kó la ẹnu rí. Ó ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ṣe ẹrú, ó ṣe òkú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àkàndé nìkan ni òṣèré tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀.

Kò dùn ún nígbà náà, nítorí ìyá rẹ̀ ń rí i lórí Wasáàpù n'Ísẹ́yìn, ó sì ń pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ti fọ́ báyìí. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun yóò sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, ó ní èdè tó bá wù ú ni kó fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ṣáà ni òun fẹ́ gbọ́.

"Signora, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi kò ríran mọ́. Tí kò bá gbọ́ ohùn mi níbẹ̀, kò tún sí nǹkan tó kù."

Ojú ti Sofia díẹ̀. "Olùdarí ló ti pinnu. Ẹ sì ti buwọ́ lu contratto, ìwé àdéhùn wa."

Àkàndé dìde nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ má tíì lọ o," ni Sofia tún wí. "Ibi tí bàbá náà ti ń sunkún ọmọ rẹ̀, Gabriele ò rí i ṣe. A fẹ́ gba ẹkún yín sílẹ̀."

Inú bí Àkàndé débi pé ó na ọwọ́ sí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wá rò ó pé bí òun bá lọ, kò ní sí nǹkan kan nínú fíìmù náà tí ìyá òun lè dá mọ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Kò tilẹ̀ nílò láti ṣe eré rárá. Ó kàn bú sẹ́kún ni. Gabriele pàápàá gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

Bó ṣe bọ́ síta ló pe Ìsẹ́yìn.

"Àkàndé, ṣé o ti sọ ọ̀rọ̀ náà?"

"Màámi, wọ́n ti fún ẹlòmíràn sọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ mi níbi tí mo ti ń sunkún."



"Ta ló nà ọ́, ọkọ mi?"