Tòlótòló Oníyẹ̀ẹ́ Méjì

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ tí a fi ń la pákó ti gé ìka àárín mi àti èyí tó tẹ̀ lé e, inú àpò ṣòkòtò ni ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbé. Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. Tèmi ò tiẹ̀ pé mọ́.

Ta ló wá rán tíṣà níṣẹ́ pé kí òbí wá síléèwé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ìsinmi? Ó ní ọwọ́ òbí ni ọmọ máa fi ya tòlótòló: àtàǹpàkò á jẹ́ orí, ìka yòókù á jẹ́ ìyẹ́, wọ́n á wá lẹ pépà aláwọ̀ mọ́ ọn. Mo ní kí ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọ wa obìnrin, tí à ń pè ní Oníbéèrè, fàáké kọ́rí: "Ọwọ́ bàbá mi ni mo fẹ́."

Mo jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bí wọ́n bá tìtorí ọwọ́ yìí fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Tíṣà ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ: akọ tòlótòló ló máa ń pariwo, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gbé mì ló ń bá a lọ oúnjẹ nínú, bí ẹ̀rù bá bà á, awọ orí rẹ̀ á yí àwọ̀ padà. Mo fọwọ́ kan iwájú orí mi. Òógùn ti bò ó.

"Ìyẹ́ rẹ̀ a sì máa re," tíṣà ní, "àmọ́ tó bá yá, tuntun á hù."

Ọmọ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Mo na ọwọ́ òsì.

"Rárá o, ọ̀tún."

"Ọ̀kan náà ni, jàre."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ mú ọ̀tún wá."

Mo gbé e lé pépà. Aránṣọ kan tóun náà bá ọmọ rẹ̀ wá, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, rí i, ó sáré gbójú kúrò. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rín lọ.

Oníbéèrè fi pẹ́ńsùlù yí ọwọ́ mi ká. Ó lẹ pépà pupa mọ́ ìka kan, ó lẹ àwọ̀ ewé mọ́ èkejì. Àárín ṣófo. Ó ti gé búlúù méjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ló kó wọn sí.

"Lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, ká máa lọ."

"Wọn ò tíì hù, bàbá mi. Mo ń tọ́jú wọn de ìka yín ni."

Mi ò rántí aránṣọ mọ́, mi ò rántí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi nìkan ló wá ń bà mí lẹ́rù. Ta ló máa sọ fún un, bí kì í bá ṣe èmi?

"Ìka èèyàn kì í ṣe ìyẹ́, ọmọ mi. Kì í hù mọ́."

"Láéláé?"

"Láéláé."

Kò sunkún. Ó yọ búlúù méjèèjì lápò, ó wò wọ́n títí. Ó wá lẹ̀ wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ pépà, lẹ́bàá ẹsẹ̀ tòlótòló.

"Wọ́n ti re," ó ní.

Nígbà tí a dìde, mo fẹ́ ti ọwọ́ mi bọ àpò. Kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó ti dì í mú.