Ìṣẹ́jú Méjìdínláàádọ́ta Láti Montalban

Èmi ni mo dán ètò náà wò. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, nítorí inú tó ń bí mi yìí, ara mi ni mo kọ́kọ́ bínú sí.

Jovelyn Macaraeg lorúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dán ètò kọ̀ǹpútà wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Montalban ni mò ń gbé, lẹ́bàá òkè. Ọ́fíìsì wa sì wà ní Ortigas, láàárín gbùngbùn Manila. Tí ẹ bá wò ó lórí máàpù, ẹ ó ní kò jìnnà. Ṣùgbọ́n máàpù kì í wọ jíìpù. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde nílé. Màá tò sórí ìlà fún jíìpù akérò tó ń lọ sí Cubao, èèyàn bí ọgọ́rùn-ún á ti wà níwájú mi. Ní Cubao, màá tún tò fún bọ́ọ̀sì. Bí òjò bá wá rọ̀, tí odò Marikina bá kún, ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá yá jù, wákàtí méjì. Tó bá pẹ́, mẹ́ta ààbọ̀.

Orí ìlà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù mi. Orí ìdúró ni mo ti ń fi àtàǹpàkò kọ ọ́ sínú fóònù. Mo kọ nípa nọ́ọ̀sì tó máa ń sùn lórí ìdúró láì ṣubú, nípa dírẹ́bà tó ń kọrin sí ọkọ̀ rẹ̀ kó tó lè ṣáná. Nígbà tó yá, mo ṣe irinṣẹ́ kékeré kan sí i: o máa kọ ibi tí o ti tò, ìgbà tí o débẹ̀, ìgbà tí o rí ọkọ̀ wọ̀ àti ìgbà tí o dé ibi tí ò ń lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn alágbàtọ́, àwọn tó ń dáhùn fóònù fún àwọn ará òkè òkun, gbogbo wọn ń lò ó láti mọ ibi tí ìlà ti yá.

Ní oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀gá wa ní ká ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Gising, ìyẹn "jí lójú oorun". Á gba àdírẹ́sì òṣìṣẹ́, á ṣírò iye àkókò tó yẹ kó lò lójú ọ̀nà, bí onítọ̀hún bá sì pẹ́ dé, á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i fúnra rẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé e fún kí n dán an wò. Mo fi àdírẹ́sì tèmi sí i. Ó ní ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wá yẹ inú rẹ̀ wò, mo rí i pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló fi ń ṣírò, lójú ọ̀nà tó dá páropáro, bí ẹni pé gbogbo Manila ti kó lọ sábúlé. Mo lọ bá Ọ̀gá Abrantes, olórí ẹ̀ka wa, tí dírẹ́bà máa ń gbé wá sí ibi iṣẹ́.

"Jovelyn, ṣé bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà. Iye tó ń kà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti Montalban dé ibí ní ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta rí, àfi tó bá fò."

"Bọ́tìnnì ni mo ní kí o dán wò."

Mo padà sórí àga mi. Mo fọwọ́ sí i pé ó ti yege.

Remedios Catacutan wà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìwé. Ẹ̀gbọ́n Meding ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé níbẹ̀. Òpópónà kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi, nítorí náà a jọ máa ń tò ni. Á ti gbé búrẹ́dì pandesal dání, á já a sí méjì, á na ìdajì sí mi láì wo ojú mi, bí ẹni pé gbèsè ló ń san.

Kò tó oṣù méjì tí Gising fi kọ lẹ́tà méjì sí i. "Àìka iṣẹ́ sí" ló wà nínú méjèèjì. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá gba ẹ̀kẹta ti ń lọ sílé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Meding bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílé ní aago mẹ́rin géérégé. Ó ń rù. Èmi sì ń kọ ìtàn ẹni tó ń sùn lórí ìdúró.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Jíìpù wa há kí a tó dé Cubao, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Meding ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí dírẹ́bà ṣe rí àyè tó sún díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ti fò bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín. Omi ti bo ihò tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kó sínú rẹ̀. Mo gbọ́ bí eegun rẹ̀ ṣe kán láti ibi tí mo jókòó sí.

Ilé ìwòsàn la wà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú kan.

"Kà á fún mi, mi ò mú awò ojú mi dání."

Mo kà á. Gising kí i kú àárọ̀. Ó ní ó ti pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kẹta, pé ìrìnàjò rẹ̀ kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta lọ.

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti kán?"

"Kò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló wá mọ̀ níbẹ̀?"

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gù mi. Mo kọ bí Gising ṣe ń ṣírò. Mo kọ pé mo sọ fún wọn, wọn ò gbọ́. Mo kọ orúkọ tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo wá fi fọ́tò ẹsẹ̀ náà sí i, èyí tí mo yà láti fi han ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kárí ìlú. Àwọn èèyàn ń fi àkókò tiwọn ránṣẹ́ láti ibi gbogbo. Mo kó gbogbo ìrìnàjò Montalban sí Ortigas tó wà nínú irinṣẹ́ mi jọ, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Kò sí ẹyọ kan tó dín ní wákàtí kan ààbọ̀.

Ọ̀gá Abrantes pè mí. Lọ́yà kan jókòó tì í. Ó ní kí n pa ohun tí mo kọ rẹ́, pé mo tú àṣírí ilé iṣẹ́.

"Ṣé àṣírí ni pé ọ̀nà dí, sà?"

"Inú ń bí ẹ. Ó yé mi."

"Kò yé yín. Ẹ ò tò rí."

Ó wo tábìlì. Ó ní òun náà ní ọ̀gá lórí. Mo ní kò burú, kí ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ tó máa ń ka búlọ́ọ̀gù mi, kò lè gbójú sókè. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn kò dákẹ́. Àwọn mọ́kànlélógójì tẹ àkókò ìrìnàjò wọn sórí ìwé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn Abrantes títí kò fi rí ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pa Gising. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe ni.

Mo sáré gbé ìròyìn náà lọ sílé Ẹ̀gbọ́n Meding. Ó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dè lé àpótí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Jovelyn, ta ló ní kí o gbé ẹsẹ̀ mi síta?"

Mo ní nítorí rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi dìde.

"Àlùfáà wa ti rí i. Ẹni tó ń ta ẹja fún mi ti rí i. Èékánná tí mi ò tíì gé, gbogbo ayé ti rí i. Ètò yẹn ò bi mí léèrè kó tó kọ̀wé sí mi. Ìwọ náà ò bi mí."

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ jáde pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe pàdánù iṣẹ́ mi.

"Ṣé èmi ni mo rán ẹ?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "O tún kọ síbẹ̀ pé 'obìnrin àgbàlagbà kan'. Ṣé mi ò lórúkọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, pàápàá nítorí pé òótọ́ ni. Mo mú fóònù jáde níṣojú rẹ̀, mo pa fọ́tò náà rẹ́. Mo ní kó máà bínú. Ó fi ẹnu júwe àga fún mi.

"Jókòó. Kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́."

Ó ní kí n kọ Remedios Catacutan, kí n kọ ọdún kọkàndínlógún. Ó ní lọ́dún tí odò Marikina wọlé tọ àwọn èèyàn, òun la omi tó mu òun dé àyà kọjá, òun dé ọ́fíìsì lọ́sàn-án gangan, òun sì gbé gbogbo ìwé ìsàlẹ̀ lọ sókè kí wọ́n má bàa tutù. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ka ìṣẹ́jú fún òun. Ó ní kí n kà á sétí òun. Ó tún ibi mẹ́ta ṣe. Kò jẹ́ kí n fi "ẹ jọ̀wọ́" kankan sí i.

Mo gbé e sórí búlọ́ọ̀gù mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi, wọn ò pè mí. Ọ́fíìsì mìíràn ni mo wà báyìí, ní Pasig. Mo bi í pé ṣé ó máa lè wo ojú Abrantes. Ó ní àga òun ni òun ń padà sí, kì í ṣe ojú Abrantes.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà, a jọ tò. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, èèyàn bí ọgọ́fà ló wà níwájú wa, òjò ń rọ̀ wínníwínní. Jíìpù àkọ́kọ́ kún, ó lọ. Ìkejì náà kún, ó lọ. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ yọ́ wọ iwájú wa bí ẹni tí kò rí wa. Ẹ̀gbọ́n Meding fi ọ̀pá kàn án léjìká.

"Ọmọ mi, ìparí ìlà wà lọ́hùn-ún."

Ọkùnrin náà wo ọ̀pá, ó wo ojú Ẹ̀gbọ́n, ó wo ojú gbogbo àwa tó wà lẹ́yìn. Ó gba ìparí ìlà lọ.