Ẹnu Tí Olegario Pa Mọ́

Ní erékùṣù tí Olegario ti ń da ewúrẹ́, òkè kan wà níhìn-ín, òkè kan wà lọ́hùn-ún, àfonífojì jíjìn sì là wọ́n láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará òdìkejì sọ̀rọ̀ kò ní fi ariwo ya ara rẹ̀ lọ́fun. Á ti ìka bọnu, á sì fi súfèé sọ ọ́, ìbáà ṣe "wá jẹun", ìbáà ṣe "ewúrẹ́ rẹ ti bímọ". Olegario ni ọ̀gá gbogbo wọn nídìí súfèé, òun náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ìdí nìyẹn tí kò fi ka egbò kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n rẹ̀ sí. Ìka máa ń ha ahọ́n àwọn ọ̀gá súfèé, oyin ọ̀pẹ, ìyẹn omi ọ̀pẹ tí wọ́n sè títí tó fi ki, ni baba rẹ̀ sì fi ń pa tirẹ̀. Olegario fi oyin pa á, ó mu sìgá lé e. Egbò náà kò jinná. Àárín rẹ̀ funfun, bèbè rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, etí bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kókó kan sì wú lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Fidela ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ rí dókítà. Olegario ní ó di ìgbà tí àwọn bá ká àjàrà tán. Wọ́n ká àjàrà tán, ó ní ó di ìgbà tí ewúrẹ́ bá bímọ tán. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n ọ̀gá ń dúró de ewúrẹ́.

Remedios, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lórí òkè kejì, ló fòpin sí àwáwí yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Olegario súfèé sí i pé kó bá òun wá ewúrẹ́ kan tó ṣáko. Remedios dáhùn pé, ta ló ń pe òun? Olegario rò pé ó ń ṣeré ni, ó tún un sọ. Remedios ní àlejò wo nìyẹn. Àtọmọdé ni obìnrin yìí ti mọ súfèé àbúrò rẹ̀ láàárín ogún súfèé. Ẹ̀rù ba Olegario, ó sì yọ ìka kúrò lẹ́nu.

Remedios sọ̀ kalẹ̀, ó gun òkè, ó ń mí hẹlẹ nígbà tó dé, ó ní kó yanu. Ó wò ó títí.

"Ìka kọ́ ló ṣe èyí, ọmọ ìyá mi," ló wí. "A jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la ni."

Dókítà fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀. Ó ní egbò ẹnu tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjinná ti kúrò ní ọ̀rọ̀ oyin, ó sì ní kó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní erékùṣù kejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni, pé àwọn máa gé tó ìdajì ahọ́n rẹ̀, kí wọ́n tó kó kókó ọrùn rẹ̀ kúrò.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ni Olegario wí. "N óò kú tòun ti ahọ́n mi."

Fidela kò gbé ohùn sókè. "Ṣé súfèé ni mo fẹ́ ni? Ìwọ ni mo fẹ́. Wọlé lọ bá wọn, jàre."

Ó wọlé lọ. Ẹ̀mí rẹ̀ kò sì bọ́. Wọ́n fi ẹran apá rẹ̀ tún ahọ́n náà ṣe, wọ́n fi ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ tọ́jú rẹ̀. Itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ìgò omi kò sì kúrò lápò rẹ̀ mọ́. Ìyẹ̀fun gofio tí wọ́n fi wàrà pò ló ń jẹ. Àràárọ̀ ló ń na ọrùn tó gan. Gbogbo ìyẹn mọ́ ọn lára. Ohun tí kò mọ́ ọn lára ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Nílé ìwòsàn, gbogbo ohun tó bá sọ ni wọ́n ń ní kó tún sọ, títí kan orúkọ rẹ̀. Ó wá pinnu pé kò sí ará ìlú òun tó máa gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Fidela nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí Remedios bá súfèé kí i láàárọ̀, fìlà ló ń fì sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan.

Lọ́jọ́ ọdún ìjọ, Fidela fipá mú un lọ sílé ọtí. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀. Aparicio, darandaran tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ń fi ẹ̀rín ròyìn egbò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n rẹ̀ láti ìgbà Àjíǹde, ó ní oyin ọ̀pẹ lòun fi ń pa á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti gba oyè ọ̀gá.

Ìtìjú mú Olegario, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn mú un ju ìtìjú lọ. Ó dìde, ó lọ síwájú Aparicio, ó sì la ẹnu rẹ̀ gbàgà lójú gbogbo wọn.

"Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ló wí. "Mo fi oyin pa á títí ó fi pẹ́ jù. Ká ní mo tètè lọ ni, díẹ̀ ni wọn ì bá gé. Lọ lọ́la."

Ó mí kanlẹ̀, ó ń múra láti tún un sọ. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ. Aparicio gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun máa wọkọ̀ àárọ̀, ó sì bèèrè bóyá gígé náà máa ń dunni gan-an.

"Ohun tí mo sọ," Olegario bi í, "ṣé ó yé ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ súfèé tí kò ní ju ohùn lásán lọ la ti ń gbọ́ láti kékeré, ó sì ń yé wa láti òkè dé òkè," ni Aparicio wí. "Kí ni kò ní yé wa nínú tiyín?"

Olegario fa àga, ó jókòó. Odidi ọdún kan ló fi sá fún àwọn tí kò ní ní kó tún ọ̀rọ̀ kankan sọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó mu omi díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe rí fún Aparicio.