Káàdì Inú Gààrí

Ìyá Najeem tú etí ìró rẹ̀, ó sì gbé mẹ́mórì káàdì kan tí kò ju èékánná lọ sórí tábìlì tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Ìlódè. Etí káàdì náà ti dúdú. Nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ọn.

"Oyèlárán, ọmọ mi, òun nìyí. Fóònù jábọ́ sínú garawa omi. Mo yọ káàdì, mo rì í mọ́ inú gààrí kó lè gbẹ."

"Gààrí? Ìrẹsì ni wọ́n máa ń sọ, mà."

"Ìrẹsì wọ́n. Gààrí ló wà nílé."

"Gààrí wo?"

"Ti Ìjẹ̀bú. Èyí tó kan dáadáa."

Omi kíkan gààrí ti jẹ bàbà etí káàdì náà tán. Bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni Najeem ọmọ rẹ̀ máa fojú ba ilé ẹjọ́. Àwọn ọlọ́pàá ní òun ló já ọ̀kadà gbà láàárọ̀ ọjọ́ tó jẹ́ pé Ìpetumodù ló wà, níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn ẹbí fẹ́ jẹ́rìí, àwọn ọlọ́pàá ní ẹbí lè purọ́. Fídíò tí ìyá yà nìkan ló kù.

"Ṣé ó máa jí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lè dán an wò, mà. Tí mo bá fá a kọjá ibi tó yẹ, ó parí."

Mo mú sáńpépà tó kúnná jù lọ, mo ta omi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá ẹ̀yìn káàdì náà láti wá bàbà mìíràn tí gààrí ò tíì jẹ. Mò ń fá, mò ń dúró, mò ń fi awò wò ó. Lábẹ́ awọ dúdú yẹn, ọ̀nà iná tín-ín-rín ju irun lọ, kò sì sẹ́ni tó lè so ó tó bá já. Nígbà tí àwọn ojú bàbà kéékèèké yọ, mo dáwọ́ dúró. Mo jó wáyà mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sé èémí kí irin gbígbóná tó kàn wọ́n. Mo so ìdí àwọn wáyà náà mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo fi bátìrì nìkan ṣe é, torí iná tó bá já wọlé lójijì lè jó gbogbo rẹ̀.

Ohun tó wà nínú káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú láptọ́ọ̀pù.

"Ṣí i, ká wò ó!"

"Rárá o, mà. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ jáde ná. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í dúró ṣí àpótí wo aṣọ."

Ó ti wọlé kọjá ìdajì nígbà tí òórùn jíjó gba imú mi. Mo fọwọ́ kan káàdì náà: ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Kíá ni mo dá a dúró.

Ìyá sún mọ́ tábìlì. Ó fa abẹ̀bẹ̀ yọ, ó ń fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Má kú mọ́ mi lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó tutù. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Ó ti kú, mà."

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣí èyí tó ti jáde. Ọjọ́ tí wọ́n já ọ̀kadà náà gbà àti aago àárọ̀ ló wà lára rẹ̀. Àwòrán ń já, ó ń so. Àáfà ń pe orúkọ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èèyàn nìkan là ń rí. Ìyá fi ìborùn bojú.

"Mi ò lè wò ó. Najeem dà?"

Fídíò yí díẹ̀díẹ̀ sí apá ọ̀tún.

"Ó wà níbẹ̀, mà. Ó di ẹsẹ̀ àgbò mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí yín."

Lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán náà fọ́ pátápátá. Ìyá ti dìde, ó fẹ́ sáré gbé láptọ́ọ̀pù mi lọ bá lọ́yà Najeem.

"Ẹ jókòó, mà," ni mo wí. Mo di láptọ́ọ̀pù náà mú. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi mẹ́ta ná, kó má bàa tún kú."