Irin Tí Mo Kùn Lọ́dà

Àárín èrò lojú wa ti ṣe mẹ́rin. Ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, já bọ́ látorí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, èrò rọ̀gbà yí wọn ká. Ọmọbìnrin wọn gbójú sókè, nínú gbogbo wa, èmi ló wò. Ẹyinjú rẹ̀ ń dán fún omijé. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé wọn." Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé wọn ni mo rí irin ìdìmú tó já kúrò lára àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àwa wẹ́dà, a máa ń kọ́kọ́ fi iná mú irin pọ̀ lójú kan tàbí méjì kó lè dúró, ká tó wá jó o yíká. Lọ́jọ́ tí mò ń ṣe àtẹ̀gùn yẹn, àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa ń kánjú. Ọ̀gá mi ní kí n kùn ún lọ́dà ná, pé a óò padà wá jó o. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀dà bá ti bò, ojú kì í rí i mọ́. Mo kùn ún. A ò padà.

Apá ọ̀tún ìyá náà kán. Ọmọ wọn, aránṣọ ni, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Áńgẹ́lì. Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí n má lọ kí wọn. Ìfẹ́ rẹ̀ gbà mí lọ́kàn pátápátá, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, àmọ́ ìfẹ́ nìkan kọ́ ló dí ọ̀fun náà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ló pàṣẹ, ọrùn òun ni ẹ̀bi wà, kí n lọ fẹ́yàwó mi kí n yé da ara mi láàmú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀gá kọ́ ló di búrọ́ọ̀ṣì mú. Bóyá ká ní mo kọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ì bá fi bú mi. N ò mọ̀, torí n ò kọ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin náà láti jẹ́wọ́. Nígbà tí mo tún un kà, ẹ̀bẹ̀ pé kó má fi mí sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ apá ìyá rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ. Mo fà á ya, mo kọ òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí pé kí n wá ṣe irin ìdìmú sí balùwẹ̀ wọn, pé màmá òun ò fẹ́ wẹ́dà míì. Mo ń wọn ògiri, ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wọn dúró tì wọ́n.

Ìyá ní, "Ọkọ mi, jó o dáadáa o. Ọ̀lẹ kan ló ṣe èyí tó gbé mi ṣubú yẹn."

Mo yọ lẹ́tà lápò. Ọmọbìnrin náà rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nawọ́.

"Áńgẹ́lì, níwájú màmá mi náà? O ò lè ní sùúrù ká jáde síta?"

"Tìrẹ kọ́," ni mo wí.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo lóṣòó níwájú ìyá, mo sì fi lẹ́tà náà sí wọn lọ́wọ́ òsì, èyí tí kò kán.